Ta Lẹ Fẹ́ Rà Á Fún?

Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ìbéèrè kan wò. Tí èèyàn bá fẹ́ ra ohun èlò àkọ́kọ́ tó máa fi kọ́ nǹkan, ṣé ẹni tó jẹ́ lónìí ló yẹ kó rà á fún ni, àbí ẹni tó ń retí pé òun máa dà lọ́la? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Owó wà nínú rẹ̀, ìtìjú wà nínú rẹ̀, ìgbéraga náà sì wà nínú rẹ̀.

Ní Gbági, ìdáhùn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Yálà Gbági àtijọ́ nígboro ni o, tàbí Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ohun tí aláṣọ máa kọ́kọ́ bi oníbàárà ni pé, "Ta lẹ fẹ́ rà á fún?" Tó bá jẹ́ yunifọ́ọ̀mù ọmọ ni, ìyá ọmọ á ra yáàdì tó lé díẹ̀. Á ní kí télọ̀ rán an kó fẹ̀, kó ká etí rẹ̀ sínú dáadáa kó lè ṣeé tú lọ́dún tó ń bọ̀. "Ọmọ á dàgbà bá a," ló máa wí. Ọ̀pọ̀ nínú wa la ti wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí, tí apá aṣọ bo ọmọ ìka wa mọ́lẹ̀. Ọgbọ́n ni, torí ọmọ ń dàgbà, owó ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n látibẹ̀ la ti kó èrò kan sórí pé ohun tó bá ju wá lọ ló yẹ ká máa rà, ká máa dàgbà bá a.

Mo fẹ́ mú ibì kan wá tí ọgbọ́n yẹn ò ti ṣiṣẹ́. Ìbàdàn ò lókun, mo mọ̀. Láti ọ̀dọ̀ wa dé etí òkun Èkó ju 100 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, nítòsí ibi tí ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà wọ èbúté Èkó, ẹ máa rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun ìgbì. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ lórí pátákó, wọ́n á máa fọwọ́ wa omi. Tí ìgbì bá ti gbé wọn báyìí, wọ́n á fò dìde, wọ́n á dúró bíi kọ̀ńdọ́ lẹ́nu ọ̀nà dáńfó. Kì í sì í ṣe ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. James Edward Alexander, sójà Gẹ̀ẹ́sì kan tó dé Accra ní àwọn ọdún 1830, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n gbé pákó fẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n wẹ̀ wọnú òkun, tí wọ́n sì gun ìgbì padà wá sétí omi.

Ẹni tó bá fẹ́ ra pátákó ìgbì àkọ́kọ́ lónìí máa bá oríṣi méjì pàdé. Ọ̀kan gùn, ó fẹ̀, ó nípọn. Gígùn rẹ̀ lè tó ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí 9, fóòmù tó rọ̀ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Ká má parọ́, ó jọ tìmùtìmù. Èkejì kúrú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó le, orí rẹ̀ ṣóńṣó, gígùn rẹ̀ ò ju bí ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Irú èyí ni àwọn ọ̀gá gùn nígbà tí eré yìí kọ́kọ́ wọ Òlíḿpíìkì, ní Japan lọ́dún 2021. Ó wu ojú rí.

Ẹ wá wo àrà: ńlá ni ti ọmọdé, kékeré ni ti àgbà. Ohun tó fà á ò sì ṣòro. Pátákó ńlá léfòó dáadáa, kì í tètè dojú dé, ó sì máa ń bá ìgbì lọ kí ìgbì tó fọ́. Kékeré ò léfòó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá máa gùn ún gbọ́dọ̀ lè wa omi kíákíá, kó sì mọ ibi tí ìgbì máa ti fọ́ gan-an. Bó ṣe ń tètè yí yẹn ló mú kó dùn lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá. Òun náà ló ń ju ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sómi.

Ibí ni yunifọ́ọ̀mù àti pátákó ti pínyà. Aṣọ tó fẹ̀ máa ń dúró de ọmọ. Kò ní kí ọmọ má jẹun, kò ní kó má sùn, ọmọ á ṣáà dàgbà. Ṣùgbọ́n orí pátákó yẹn gan-an lèèyàn ti ní láti dàgbà. Tí ò bá jẹ́ kéèyàn dìde rárá, kí ló máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde? Ẹni tó ra pátákó ọ̀gá nítorí ẹni tó máa dà lọ́la ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọ̀la yẹn.

Kí ló wá dé táwọn èèyàn fi ń rà á? Ojú ayé ni, jàre. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé tìmùtìmù kọjá níwájú àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣebí a mọ̀ ọ́n ní kámpọ́ọ̀sì níbí. Jáḿbáìtì á to ìwé àwọn ọmọ 400 level sórí tábìlì, kò sì tíì ka èyí tí wọ́n ní kó kà. Ẹni tí ò tíì lè lu orin kan já á ní gìtá tó wọ́n jù lòun fẹ́. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ wà lára àkísà yẹn. Pátákó kékeré lábẹ́ apá ọ̀gá, ẹ̀rí ọ̀pọ̀ ìṣubú ni. Lábẹ́ apá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tí ò tíì ṣẹlẹ̀ ló ń sọ. Irọ́ tí a ò fẹnu pa ni.

Ẹnì kan lè ní, "Owó mi ni mo fi rà á, kí ló kan ẹlòmíì?" Ó kàn án o. Òkun kì í ṣe yàrá ẹnì kan. Tí ẹni tí ò tíì mọ̀ ọ́n bá ṣubú, pátákó á fò lọ síbi tó bá wù ú. Èyí tó rọ̀ lè dunni. Èyí tó le, tí orí rẹ̀ ṣóńṣó, tí lẹbẹ́ ìdí rẹ̀ sì mú, lè la orí ẹni tó ń wẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Ìgbéraga tí a rò pé tiwa nìkan ni, orí ẹlòmíì ló lè bà lé.

Àtakò kejì ló le. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ olówó ni gbogbo èyí, pé ta ló ń fún tálákà ní àyè àtiyàn? Òótọ́ ni. Pákó lásán làwọn ọmọ Accra ìjọ́sí fi gun ìgbì. Ní Tarkwa Bay, pátákó tí wọ́n ń yá ara wọn lò, tàbí èyí tí àlejò fi sílẹ̀, ni ọ̀pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ pé àìní dára o. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ológun ojú omi lé àwọn ará Tarkwa Bay jáde nílé wọn, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó máa yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan. Pákó lásán ò lè sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá lójú aráyé. Kò sí nǹkan tí wọ́n lè fi í ṣe ju kí wọ́n gbé e wọmi lọ. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni ìdánwò yìí ń dúró dè, torí òun ló lè ra ìrísí kó tó ní ìmọ̀.

Nítorí náà, èrò tèmi nìyí: ẹni òní ni ká rà á fún, torí òun ló máa wọmi. Kì í ṣe àìnírètí. Ẹni tó gbé tìmùtìmù kọjá lójú gbogbo ayé ti gbà pé òun ò tíì mọ̀ ọ́n, ó sì ti múra àtimọ̀ ọ́n. Tí ẹni ọ̀la bá dé, kó wá ra tiẹ̀. Ọjà ò ní tú kó tó dé.