Ìwé Tí A Fọwọ́ Sí, Iṣẹ́ Tí A Kò Ṣe



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì tọ̀ mí wá ní ọjọ́ kan, ti òun ti ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ó ti fi ń kiri láti ilé iṣẹ́ kan dé òmíràn, kò sì rí ẹni tí yóò gbà á sí iṣẹ́ kí ó lè fi ojú rí ohun tí ó ń kà. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ fún ará ìjọ wa kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe ọkọ̀, kí ó fọwọ́ sí ìwé náà bí ẹni pé òun ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ó sì kù díẹ̀ kí n gbà. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi léèrè pé: Bí a kò bá rí iṣẹ́ kọ́, ó ha tọ́ kí a jẹ́rìí pé a kọ́ ọ bí?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwé náà wà fún. Ní ọdún 1971 ni ìjọba Nàìjíríà dá àjọ ITF sílẹ̀. Ní ọdún 1973 ni àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ ètò tí a ń pè ní SIWES, nítorí a ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò mọ iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni a là sílẹ̀ fún àwọn ọmọ polítẹ́kíníkì, oṣù mẹ́fà fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ohun tí ó ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé, ẹni tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà níbi iṣẹ́ a sì máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, ìbúwọ́lùwé yìí kì í ṣe ọrẹ tí a ń ta ọmọ; ẹ̀rí ni.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́." Òtítọ́ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju àyè lọ, àwọn mìíràn tí a sì gbà, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá, oúnjẹ ni a ń rán wọn rà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lónìí ni a óò fi ẹ̀rọ ńlá àti ìjánu ọkọ̀ lé lọ́wọ́ lọ́la. Ìjánu ọkọ̀ kò mọ̀ pé àánú ọmọ náà ni ó ṣe wá. Àwọn baba wa mọ èyí: alágbẹ̀dẹ kì í fún ọmọ iṣẹ́ ní òmìnira nítorí pé ó sunkún, bí kò ṣe nígbà tí ọkọ́ tí ó rọ bá lè wọ ilẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí ó wí pé, "Má ṣe purọ́," tí ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọmọ, ìdajì òtítọ́ ni ó sọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ arákùnrin wa, kì í ṣe fún ìbúwọ́lùwé, bí kò ṣe fún iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta tí ó kù ni ó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ojú ewé ìṣáájú ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe gbé ìwé náà lọ. Wọ́n dín máàkì rẹ̀ kù, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í léèrè ohun tí ó kọ, ó rí ẹnu dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ kan lọ́dọọdún, kí ẹ sì fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, kì í ṣe ìgbálẹ̀ nìkan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wọn wá àyè kí àsìkò tó tó, kí ẹ sì máa bẹ̀ wọ́n wò níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe kẹ́gàn ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ojú ewé tí ó ṣófo lè dójú tì wá lónìí, ṣùgbọ́n ó sàn ju èyí tí ó kún fún èké lọ. Nítorí bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.