Kádàrá àti Táyà Bàálù Jeddah

Nígbà tí ikú bá pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá nígbà tí ó bá ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà ìjọsìn, ẹnu wa a máa yá láti sọ pé àyànmọ́ kò gbóògùn, pé Elédùmarè, Ọba atẹ́rẹrẹ-káríayé, ni ó fún ni, òun náà ni ó sì gbà á. N kò sì ní bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ jiyàn lórí èyí, nítorí ẹni tí omijé rẹ̀ kò tíì gbẹ ní ẹ̀tọ́ láti fẹ̀yìn ti ohunkóhun tí ó bá lè gbà á dúró. Ìbéèrè tí ó ń dùn mí lọ́kàn yàtọ̀: ǹjẹ́ ẹni tí iṣẹ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀, tí ó mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe tí kò sì ṣe é, lè fi ẹnu tirẹ̀ pe kádàrá?

Ní ọdún 1984 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ bàálù Nationair sílẹ̀ ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún, tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń sá lọ ṣe ìsinmi níbi tí oòrùn gbé ń ràn, ní Florida àti ní àwọn erékùṣù Karibíà. Àwọn tí ń ṣètò ìsinmi a háyà bàálù lódindi, wọn a kó èrò kún un, owó ọkọ̀ a sì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mẹ̀kúnnù òṣìṣẹ́ náà fi lè fojú kan òkun. Òwò tí ó ṣe ènìyàn lóore ni, n kò ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò nípọn, bàálù tí ó bá sì dúró sílẹ̀, gbèsè ni ó ń jẹ, nítorí náà ìdádúró ni ọ̀tá tí wọ́n ń bẹ̀rù jù. Nígbà Háájì ọdún 1991, tí Nigeria Airways nílò bàálù tí yóò bá a kó àwọn alálàájì, DC-8 kan tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1968 ni Nationair fi ṣe iṣẹ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 11 oṣù Keje, bàálù yìí fẹ́ gbéra ní Jeddah lọ sí Sókótó. Èrò 247 ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ti dúró ní Àráfà, tí wọ́n ti yí Káábà po, tí ará ilé sì ń retí wọn. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ jẹ́ 14. Táyà méjì kò ní afẹ́fẹ́ tó. Olórí mẹkáníìkì mọ̀, ó sì fẹ́ fẹ́ wọn, ṣùgbọ́n gáàsì náítírójìn tí a fi ń fẹ́ táyà bàálù kò sí nítòsí, alábòójútó iṣẹ́ náà kò sì fẹ́ ìdádúró. Bí wọ́n ṣe tú ọkọ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Táyà tí ó rọ̀ ti ẹrù tirẹ̀ sí orí èkejì rẹ̀, ìyẹn ni ó kọ́kọ́ bẹ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ eré, èyí tí ó rọ̀ náà sì tẹ̀lé e, ríìmù rẹ̀ kò yí mọ́, ó ń ha ilẹ̀ títí ó fi gbaná. Àwọn baba wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàálù ká sókè, abẹ́ ibi tí àwọn èrò jókòó sí ni iná wọ̀ lọ. Ó jó ohun tí a fi ń darí ọkọ̀, ó jó ilẹ̀ inú rẹ̀ títí àwọn èrò kan fi ń já bọ́ láti òfurufú. Bàálù ti ń padà bọ̀, ó ku nǹkan bíi kìlómítà 3 kí ó kan pápákọ̀ òfurufú, kí ó tó já lulẹ̀. Kò pé ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ tí ó gbéra. Ẹnikẹ́ni kò yè.

Àwọn onífá gbà pé ènìyàn ti kúnlẹ̀ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá kí ó tó wá sáyé, síbẹ̀ àwọn kan náà ni wọ́n ń kọ́ wa pé orí tí kò ní ẹsẹ̀ kò lè dé ibi tí ó ń lọ. Àwọn Mùsùlùmí náà kò gbàgbé pé Ànábì ní kí ọkùnrin kan kọ́kọ́ so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó tó gbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run. Alálàájì tí ó jókòó nínú bàálù yẹn ti so ràkúnmí tirẹ̀: ó ti san owó, ó ti ṣe àdúà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè tó táyà. Bí a bá pe ikú rẹ̀ ní kádàrá, a kò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi ọjọ́ ikú èrò kankan han alábòójútó. Ohun tí a fi hàn án ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà, orí ohun tí a sì fi han ènìyàn ni a ó ti bi í léèrè. Ẹlòmíràn lè ní bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ táyà, ikú ìbá ṣì wá wọn rí níbòmíràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìbá jẹ́ ikú tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀, a ìbá sì sunkún láìbínú.

Ní ọdún 1993, gbèsè pa Nationair, kò tilẹ̀ lo ọdún 10 láyé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó àwọn alálàájì wa lọ́dọọdún, mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè ọdún tí bàálù ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ béèrè ẹni tí ó yẹ táyà rẹ̀ wò kẹ́yìn, kí ẹ tó ní kí a gbàdúrà ìrìn-àjò.