Ìwúre fún Ẹni tó ń Kọ́lé

Ìwọ tí o ń fọwọ́ ara rẹ kọ́lé sí àárín ìgboro Ìbàdàn, ire kò ní kọ̀ ọ́. Olódùmarè tó fi ayé lélẹ̀ yóò bá ọ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ kò ní dá iṣẹ́ rẹ dúró. Ayédèrú ìwé ilẹ̀ kò ní bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Bíríkìlà tó gbowó rẹ kò ní sá lọ.

O kọ ojú gbọọrọ ilé sí àríwá àti gúúsù, o fi ògiri kúkúrú ko oòrùn lójú: ooru ọ̀sán kò ní pa ọ́, ooru òru kò ní lé ọmọ rẹ síta. Etí òrùlé tó yọ gùn yóò ṣíji bo fèrèsé. Òjìji Ọba òkè yóò ṣíji bò ọ́. Atẹ́gùn òjò tó gba gúúsù wọlé, fèrèsé àríwá ni yóò gbà jáde. Afẹ́fẹ́ yóò máa fẹ́ sí ọ lára, ire yóò máa fẹ́ ọ, aráyé yóò máa fẹ́ràn rẹ.

Ilẹ̀ pupa tí o pò mọ́ ìwọ̀nba sìmẹ́ńtì, tí o tẹ̀ di búlọ́ọ̀kù, tí o fi ọ̀rá bò lábẹ́ ibòji, tí o ń wọ́n lómi láàárọ̀ lálẹ́ kó má bàa sán: yóò gbó, yóò le, yóò ru òrùlé. Ìwọ náà yóò gbó, o ó le, o ó ru ire. Kí ẹnikẹ́ni má pe ilẹ̀ pupa ní ohun èlò tálákà létí mi! Òun ni Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, pò mọ́ sìmẹ́ńtì kọ́lé, tí wọ́n fi gbé àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà fún un ní Venice lọ́dún 2023. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò gbé ìwọ náà dé ibi ọlá.

Oòrùn tí o lé kúrò lára ògiri yóò sìn ọ́ lórí òrùlé: sọ́là yóò tanná, fáànù yóò yí, èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní wọ imú ọmọ rẹ. Owó epo yóò di owó ilé-ìwé.

Ní Mọ́kọ́lá, ní Òkè-Àdó, ẹsẹ̀ ni o ó fi dé ọjà, ẹsẹ̀ ni o ó fi dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Àwọn ọmọ yóò fẹsẹ̀ lọ sílé-ìwé, wọn yóò fẹsẹ̀ bọ̀. Ọ̀kadà kò ní kọlù wọ́n, àgbàrá kò ní gbé wọn. Ìyá ẹlẹ́kọ yóò mọ orúkọ wọn, aládùúgbò yóò di aláàbò.

Aboyún ilé rẹ yóò bí tibi-tire. Ẹni tó ń retí ọmọ níbẹ̀ yóò gbọ́mọ pọ̀n. Òrùlé kò ní jò, ògiri kò ní sán, ojú kò ní tì ọ́. O ò ní kọ́lé fún ẹlòmíràn gbé. Ìwọ ni o ó ṣílé, ìwọ ni o ó gbélé, níṣojú rẹ ni àwọn ọmọ ọmọ rẹ yóò máa sáré nínú rẹ̀. Àṣẹ.