Kí Ni Ń Lé Ẹni Tí Ń Sá Eré Ìje?

Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Òótọ́ ni. Ọdẹ a máa sáré tẹ̀lé ẹran. Olè a máa sáré fún onílé. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó ṣòro láti mọ ibi tí òwe yìí fi wọ́n sí. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá eré ọlọ́nà jíjìn tí a ń pè ní Marathon ní ìlú Èkó. Gígùn rẹ̀ ju kìlómítà 42 lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń jáde, àwọn ọmọ Kẹ́ńyà àti Etiópíà ni ó sì sábà máa ń wà níwájú. Akọ̀wé tàbí aránṣọ tí ó wà lẹ́yìn ti mọ̀, kí ó tó so okùn bàtà rẹ̀, pé òun kò ní gba ipò kìn-ín-ní, àní òun kò ní gba ipò ọgọ́rùn-ún. Kò lé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lé e. Síbẹ̀, bí ọdún bá yí po, yóò tún padà wá. Kí ni ó ń wá?

Ìdáhùn mẹ́ta ni mo sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan ní owó ni. Ṣùgbọ́n báwo ni owó yóò ṣe fa ẹni tí ó mọ̀ dájú pé kò lè kan òun? Àwọn mìíràn ní ìyìn ni. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn bá fi máa dé, àwọn òǹwòran ti tú ká, wọ́n sì ti ń kó àga. Àwọn ẹ̀kẹta ní ìlera ni. Òótọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ìlera nìkan, kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn láràárọ̀, ó tó o. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀ràn ẹni tí ó yára jù nìkan ni, ajá ìbá ti jókòó sílé, nítorí ogún ọdún tí ajá fi ń sáré, ìrìn fàájì ni fún ẹṣin.

Ǹjẹ́ dídé òpin ni wọ́n ń wá? Ní ọdún 1904, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fred Lorz wà lára àwọn tí ń sá Marathon Òlíḿpíìkì. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ sì gbé e lọ jìnnà. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó sá wọ pápá, òun ni ó sì kọ́kọ́ dé òpin. Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un kí àṣírí tó tú, ni ó bá ní àwàdà ni òun ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé dídé nìkan ni a ń wá, ọkọ̀ sàn ju ẹsẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ẹni tí ọkọ̀ gbé kò sáré. Lorz fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: ní ọdún 1905 ó lọ sí Boston, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá Marathon ibẹ̀, ó sì gba ipò kìn-ín-ní.

Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè rò pé ẹnu àwa Yorùbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn. Bí a bá tú “sáré” sí wẹ́wẹ́, “sá” àti “eré” ni a ó rí níbẹ̀. “Eré” sì ni a ń pe ohun tí àwọn ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá pẹ̀lú. Ẹ má ṣe rò pé ohun yẹpẹrẹ ni eré. Nínú bojúbojú, ọmọ tí ó bá yojú wò kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó sá pamọ́ tán ti ba eré jẹ́, bí ó tilẹ̀ rí gbogbo wọn mú. Òfin ni eré, òfin tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ka orí ara rẹ̀, láìsí ọba tàbí ọlọ́pàá tí ó fi ipá mú un. Ohun púpọ̀ ni à ń ṣe láyé nítorí ọ̀gá, nítorí òbí, nítorí ebi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ku kìlómítà mẹ́wàá, tí itan ń bẹ ènìyàn pé kí ó jọ̀wọ́ jókòó, ìgbà náà ni yóò mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu òun ti wúwo tó lójú òun fúnra rẹ̀.

Ẹ wo John Stephen Akhwari, ọmọ Tànsáníà, nínú Marathon Òlíḿpíìkì ọdún 1968 ní ìlú Mẹ́síkò. Ìlú náà ga ju òkun lọ ní mítà 2,240, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò sì tó fún ẹni tí ń sáré. Akhwari ṣubú lójú ọ̀nà, eékún rẹ̀ ṣèṣe gidigidi. Mamo Wolde, ọmọ Etiópíà, ti dé ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20. Ilẹ̀ ti ṣú kí Akhwari tó wọ pápá, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tiro, lẹ́yìn wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 25. Ẹni 57 ni ó dé òpin, òun ni ó ṣe ìkẹyìn. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò dúró, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìlú òun kò rán òun wá bẹ̀rẹ̀ eré, wọ́n rán òun wá parí rẹ̀ ni.

Ẹnì kan lè wí pé orí kunkun ni èyí. Kò jẹ̀bi, nítorí ènìyàn ti kú lójú ọ̀nà ìje rí. Nínú eré kan náà ni Abebe Bikila wà, ọmọ Etiópíà tí ó sáré láìwọ bàtà ní Róòmù ní ọdún 1960 tí ó sì gba ipò kìn-ín-ní, tí ó tún gbà á ní Tókyò ní ọdún 1964. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún kí eré ti Mẹ́síkò tó bẹ̀rẹ̀; nígbà tí ó sá tó nǹkan bí kìlómítà 17, ó dúró. Ṣé kí a wá pe Akhwari ní akin, kí a pe Bikila ní ojo? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tí ènìyàn bá ara rẹ̀ ṣe kò gbọdọ̀ di ọ̀gá tí ń pa ẹrú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ dúró bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni ó ní kí n dúró? Bí ó bá jẹ́ egungun ni, ọgbọ́n ni dídúró. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí kò sí ẹni tí ń wò mí mọ́ ni, èmi ni mo da ara mi. Ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ nìkan ni ó lè dáhùn. Ìjàǹbá ọkọ̀ sọ Bikila di arọ ní ọdún 1969. Ní ọdún 1970 ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díje nínú ọfà títa. Ta ni yóò wí pé ó sá fún ìje?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀ràn yìí kàn wá. Nígbà tí àbúrò bàbá mi gbọ́ pé èdè ni mo ń kọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?” Ìbéèrè náà kò burú, ebi kò mọ gírámà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni a ó máa bi ara wa, gbogbo iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ kò tètè yọ ni a ó pa tì ní ìdajì ọ̀nà, èdè bàbá wa yóò sì wà lára wọn. Òwe àwọn àgbà kò tíì yẹ̀. Ẹni tí ń sá eré ìje ń lé nǹkan: ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde ni ó ń lé, kí ó má baà bọ́ sílẹ̀.