Àdúrà àti Èjìká tí ó Le



Ẹni tí ó bẹ Ọlọ́run fún ìwòsàn, tí ó sì kọ iṣẹ́ tí ìwòsàn náà ń béèrè, ǹjẹ́ ìgbàgbọ́ ni ó ní, tàbí ó ń dán Ọlọ́run wò?

Ẹ jẹ́ kí á fi èjìká ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí oríkèé mìíràn nínú ara tí ń yí káàkiri tó o. Nígbà tí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ sí i, a ó fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọrùn, kí ọgbẹ́ lè jinná. Ṣùgbọ́n ìsinmi tí ń wo ọgbẹ́ sàn náà ni í mú oríkèé le, bí ó bá pẹ́ jù. Nítorí náà, bí àkókò bá tó, dókítà a rán aláìsàn lọ sọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú físíótẹ́rápì. Wọn a ní kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó máa fi apá bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ó máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀. Ó ń dunni, èrè ọjọ́ kan sì lè má ju ìbú ìka kan lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń yẹsẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀nà jìn láti Festac, gba Mile 2, títí dé ilé ìwòsàn egungun ní Igbóbì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ibi ìtọ́jú àwọn sójà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣe léṣe, tí ó sì di ilé ìwòsàn ní 1945. Owó ọkọ̀ kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ń bẹ tí owó kò wọ́n, tí ó kàn ń wí pé, “Ọlọ́run yóò ṣe é.” Kí ó tó mọ̀, kò lè gbé ọwọ́ dé iwájú orí mọ́ láti ṣe Àmì Àgbélébùú.

Ìwé Síràkì, orí 38, kọ́ wa pé Ọlọ́run ni ó dá oníṣègùn: kí á gbàdúrà, kí á sì fún oníṣègùn ní àyè tirẹ̀. Nínú Ìhìnrere Máàkù Mímọ́, orí 3, Olúwa wa lè wo ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ rọ sàn láìní kí ó ṣe ohunkóhun. Síbẹ̀ ó pàṣẹ pé kí ó na ọwọ́ náà. Agbára jẹ́ ti Olúwa; nínà jẹ́ ti ọkùnrin náà.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ṣebí ìrora ni àgbélébùú mi?” Ìrora tí a kò lè mú kúrò, ẹ jẹ́ kí á fi rúbọ pẹ̀lú ti Kristi. Èyí tí ìmẹ́lẹ́ fà kì í ṣe àgbélébùú. Bí ẹnìkan bá sì sa gbogbo ipá rẹ̀, tí apá náà kò padà bọ̀ sípò tán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré.

Àwa tí èjìká wa le koko ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á sin aládùúgbò wa lọ sí ibi ìtọ́jú, kí á bá a pọn omi, kí á bá a san owó ọkọ̀. Ara kan ni gbogbo wa.

Kí Màríà Wúńdíá, Ìlera àwọn Aláìsàn, máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.