Murtala: Iyì Rẹ̀ àti Ẹjọ́ Rẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ìjọba gbogbo wà ní ìkáwọ́ Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin lóbìnrin, púpọ̀ nínú wa ló ń gba Murtala Muhammed Way kọjá ní Yábàá lójoojúmọ́. Ta ni ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì yìí?

Ọmọ Kano ni, ọmọ ọdún 36 péré ni nígbà tó di olórí ìjọba ológun ní July 29, 1975. Bí igba ọjọ́ ló lò. Láàárín rẹ̀ ló dá ọjọ́ tí ológun yóò gbé ìjọba sílẹ̀, October 1, 1979, àwọn tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò sì yẹ̀ ẹ́. Òun ló kéde pé olú-ìlú yóò kúrò ní Èkó lọ sí Abuja. Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ kí Áfíríkà kẹ̀yìn sí MPLA ní Angola, tí ọmọ ogun South Africa sì ti wọ ibẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ní Addis Ababa, January 1976, ó wí fún wọn lójú ayé pé Áfíríkà kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Kò fẹ́ràn kí wọ́n máa lé ará ìlú kúrò lọ́nà nítorí òun. Inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni àwọn ọmọ ogun Dimka ti bá a ní Ìkòyí, láàárọ̀ Jímọ̀, February 13, 1976, tí wọ́n yìnbọn pa á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ìyókù. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 ni wọ́n lé lọ nígbà rẹ̀. Àwọn olè wà nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni wọn kò bi léèrè ọ̀rọ̀ rárá. Nínú Súrátù Sọ́ọ̀dù, Ànábì Dáwúdà dájọ́ nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo rojọ́, ó sì wólẹ̀ tọrọ àforíjìn. Èyí tó burú jù ni ti Asaba, October 1967: àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí kò gbé ohun ìjà.

Àwọn kan nínú wa a máa ní kí a dákẹ́, torí pé Mùsùlùmí ẹgbẹ́ wa ni. Súrátù Nisáì, áyà 135, kò gbà bẹ́ẹ̀: àní bí ó ṣe òbí ẹni tàbí ara ẹni ni ọ̀rọ̀ kàn, Ọlọ́hun ní kí a jẹ́rìí òdodo. Bí a bá dákẹ́ lórí Asaba, ta ni yóò gbà wá gbọ́ nígbà tí wọ́n bá pa tiwa?

A tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún un. A sì bá àwọn ọmọ òrukàn Asaba kẹ́dùn.