NÍGBÀ TÍ ÌYÌN ÀTIJỌ́ BÁ PADÀ WÁ

Bíbélì Kíkà: Fílípì 3:4-14
Àkọ́sórí: Fílípì 3:13

Ó rọrùn láti fi ayé sílẹ̀ nígbà tí ayé kò bá pè ọ́ mọ́. Ìgbà tí ó bá padà wá pẹ̀lú ìyìn lẹ́nu ni ìdánwò gan-an.

Nígbà tí orin dísíkò gbòde, ọkùnrin kan wà ní Enugu tí ń jẹ́ William Onyeabor. Òun ni ó ń ṣe orin rẹ̀, òun ni ó ń kọ ọ́, òun ni ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, iléeṣẹ́ tirẹ̀ ni ó sì ń gbé àwo náà jáde. Crashes in Love jáde ní 1977. Anything You Sow jáde ní 1985. Àkọlé yìí rán wa létí Gálátíà 6:7. Lẹ́yìn èyí, ó di Kristẹni, ó pa orin ayé tì, ó sì kojú mọ́ òwò rẹ̀, títí kan ìyẹ̀fun lílọ̀.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kọjá. Ní 2013, iléeṣẹ́ Luaka Bop ní Amẹ́ríkà kó àwọn orin náà jọ, wọ́n tún wọn gbé jáde. Ní 2014, àwọn olórin ńlá kọ wọ́n níwájú èrò ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York. Àwọn oníròyìn ń wá a kiri. Onyeabor gbà kí wọ́n tún orin náà tẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè nípa ògo àtijọ́, kì í fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ó fẹ́ sọ. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2017, ní ẹni àádọ́rin ọdún.

Ṣàkíyèsí Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Kò sọ pé òun kò ní ohun ìyangàn. Ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹ̀yà rẹ̀ dé orí ìmọ̀ òfin, kí ó tó pè é ní òfò nítorí Kristi. Ohun tí ó níye lórí ni ènìyàn ń fi sílẹ̀. Pàǹtírí kì í ṣe ẹbọ.

Ní Ọ̀tan Ayégbajú níbí, oníròyìn òkèèrè lè má wá ọ. Ṣùgbọ́n onílù lè rí ọ níbi ìnáwó, kí ó fi gángan pe oríkì rẹ, kí ó rán ọ létí ìgbà tí o máa ń náwó bí ẹni pé ọ̀la kò sí. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ lè ti Èkó dé fún ọdún, kí ó ní, "Ṣé o ti gbàgbé bí a ti ń ṣe é ni?" Orí á wú, ẹsẹ̀ á fẹ́ gbé. Oríkì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ogún baba ẹni ni. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè: bí ìlù bá dákẹ́, kí ni ó kù lọ́wọ́ mi?

Iṣẹ́ Òní: Ronú kan ìyìn kan tí ọkàn rẹ ṣì ń fà sí. Dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ nípa ìgbà náà, sọ ibi tí Jésù ti bá ọ pàdé fún un.

Àdúrà: Baba, bí ìyìn àtijọ́ bá kan ilẹ̀kùn mi, jẹ́ kí ó bá mi lọ́dọ̀ Rẹ, ní orúkọ Jésù. Àmín.